Ẹ̀rín Nídìí Ìkòkò Wàrà

Ẹ̀rín máa ń ba wàrà jẹ́. Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìlọrin, ní àsìkò tí ọkọ̀ ojú irin òyìnbó ṣì jẹ́ ohun ìran fún wa, kò sí ọmọ ilé wa tí kò gba èyí gbọ́. Bí wọ́n bá ti kán oje ewé bọmubọmu sínú wàrà màlúù lórí iná, kóówá a panu mọ́ títí yóò fi dì. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ ó rántí oje náà, bó ṣe funfun tó, tó sì korò.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ẹ̀gbọ́n mi Àsímáwù ló wà nídìí ìkòkò. Ìyá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ti jókòó sí yàrá, ó ń dúró de wàrà. Nílé wa, ìyàwó gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú wàrà dì fún ìyá ọkọ kí wọ́n tó so yìgì. Bí kò bá dì, yìgì di ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn. Ara Àsímáwù kò balẹ̀. Wàrà ti ń hó yaya kó tó rántí da oje sí i.

Àwa ọmọdé panu mọ́. Ni òbúkọ kan bá ki orí bọ agbọ̀n, agbọ̀n kò yọ mọ́, ó ń sáré kiri àgbàlá bí ẹni tó dé fìlà tó tóbi jù ú lọ. Ràmátù àbúrò mi ló kọ́kọ́ fi imú rẹ́rìn-ín. Ká tó mọ̀, gbogbo wa ti ń fi ẹ̀rín yí nílẹ̀.

Wàrà kò dì.

"Ẹ̀yin elérìn-ín òsì! Ẹ ti tú yìgì mi ká!" Àsímáwù fa ọmọrogùn yọ, ó lé wa.

Ìyá Gàá, ìyá bàbá wa, ọmọ Fúlàní, jáde wá. Ó fi ìka kan wàrà, ó fà á yọ kíá. "Subuhanalai! Àsímáwù, o ti fi iná pa oje! Ta ni yóò wá bá ọ mú wàrà dì?" Ó gbé ìkòkò kalẹ̀ títí wàrà fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó kán oje tuntun sí i, ó dá a padà sórí iná jẹ́jẹ́. "Ó yá, ẹ máa rẹ́rìn-ín yín."

Ẹ̀rín kọ̀, kò wá! Àfi ìgbà tí ìyá ọkọ yọjú, tó rí òbúkọ nínú agbọ̀n, tó sì bú sẹ́rìn-ín. Nínú ariwo yẹn ni wàrà dì, ó le dáadáa. Obìnrin náà jẹ ẹ́, ó lá ìka. "Ẹ so yìgì ní Jímọ̀."

Lónìí, ọmọ Ràmátù tó ń kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì sọ pé purotéènì wà nínú wàrà, oje ló ń gé e kó lè so mọ́ra, iná tó pọ̀ sì ń pa agbára oje. Mo ní ẹ̀rín ńkọ́? Ó ní kò sí nínú ìwé. Wàrà tí mò ń rà ní Ọjà-Ọba dì dáadáa. Ẹ̀rín tí à ń há mọ́ ẹnu nídìí rẹ̀ ni n kò rí rà.