Kéèkì Òṣùpá Tí Kò Lọ́ràá

Ará Ṣáínà tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní ilé iṣẹ́ wa ní Ugwuaji, ní Enugu, kì í ṣí ìgò òróró nílé rẹ̀ láìkọ́kọ́ gbé e sún mọ́ ojú mi. Á ní, "Ọ̀gá wẹ́dà, wò ó dáadáa o. Ẹ̀pà ni, kì í ṣe ẹlẹ́dẹ̀."

Kò sí wẹ́dà tó ń jó irin pọ̀ bí èmi ní gbogbo Enugu, bí n kò tilẹ̀ kàwé kọjá ìwé mẹ́ta. Mùsùlùmí ni mí, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ sì ni àwọn ará Ṣáínà fi ń po kéèkì tí wọ́n ń jẹ lọ́dún òṣùpá wọn. Nítorí mi ni ọ̀rẹ́ mi yìí ṣe pa ọ̀rá tì, tó ń fi òróró díẹ̀ po tirẹ̀ nílé, tó sì ń fi ẹ̀wà tí ṣúgà rẹ̀ kò pọ̀ sínú. Mo máa ń fọ́nnu fún àwọn ará ibi iṣẹ́ pé tìtorí èmi ni wọ́n ṣe yí kéèkì padà.

Lọ́dún tó kọjá, mo rí i tó bu tirẹ̀ jẹ díẹ̀, tó gbé e sílẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé.

"Ti màmá mi kì í gbẹ báyìí," ló wí.

Ó dùn mí wọra. Mo ní, "Ọ̀rẹ́, máa ṣe tìrẹ lọ́tọ̀. Fi ọ̀rá sí i."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, orí ẹ ò pé. Kéèkì ẹyọ kan là ń gé pín fún gbogbo ẹni tó bá jókòó. Ṣé kí n wá dá jẹ tèmi bí ẹni tí kò lẹ́nìkan?"

Ó gé tèmi fún mi, ó tóbi ju tirẹ̀ lọ. Mo jẹ ẹ́ tán. Ohun tó gbẹ lẹ́nu rẹ̀ nítorí mi dùn lẹ́nu mi, ìyẹn gan-an ló ń dà mí láàmú títí di òní.