Ọkọ Tó Ń Pè Mí Láti Ìlú Òyìnbó

Òórùn pákí tí wọ́n rẹ sómi ló máa ń kọ́kọ́ gbà mí nímú bí ẹnikẹ́ni bá ti dárúkọ Yúróòpù. Má rẹ́rìn-ín, ọ̀rẹ́ mi. Ẹ̀yìn ilé ìyá ọkọ mi ní Ìrókò ni àwọn ìkòkò pákí náà wà, mẹ́ta, wọ́n fi páànù bò wọ́n. Òórùn wọn á máa gba ojú fèrèsé wọ pálọ̀ níbi tí èmi àti ìyá náà ń jókòó sí ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ gbogbo Sátidé, tí à ń wo òyìnbó kan tó gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, tó ń rìn kiri Róòmù. Mo máa ń fọ ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú ọṣẹ, òórùn náà ò ní kúrò. Títí di òní, bí mo bá rí àwòrán àwọn ilé àtijọ́ wọn yẹn, inú á kọ́kọ́ bí mi ná, kí n tó rántí pé àwọn ilé náà ò ṣẹ̀ mí.

Ọkọ mi ló ṣẹ̀ mí. Ọmọ ìjọ wa ni, Onítẹ̀bọmi ni gbogbo wa. Oṣù mẹ́ta péré la fi fẹ́ra sọ́nà kí wọ́n tó ṣe ìsìn ìdágbére fún un pé ó ń lọ sí Yúróòpù. Pásítọ̀ gbọ́wọ́ lé e lórí, gbogbo ìjọ kọrin, àwọn ìyá ìjọ sunkún bí ẹni pé àwọn ló bí i. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà ni ìyá rẹ̀ wá bá bàbá mi pé ọmọ òun ti ríṣẹ́, ọkọ̀ ẹrù ló ń wà láti ìlú dé ìlú, kí wọ́n jẹ́ káwọn gbé ìyàwó. Ìgbéyàwó wá di ti fọ́tò. Ìwọ náà mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: wọ́n gbé fọ́tò rẹ̀ tó wà nínú férémù sórí àga ọkọ ìyàwó, wọ́n ní kí n kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀, wọ́n ní kí n dé e ní fìlà. Mo dé fìlà fún férémù o! Ẹ̀ẹ̀mejì ló yọ̀ bọ́ sílẹ̀. Alága ìjókòó ní kí n fọwọ́ dì í mú, ni mo bá di orí dígí mú bí ẹni tó ń di ọmọdé mú fún onígbàjámọ̀. Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Bàbá mi, tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, ra tẹlifísàn kún ẹrù ìyàwó mi, wọ́n sì sìn mí lọ sílé ìyá ọkọ kí n máa dúró de físà.

Iṣẹ́ láfún ni iṣẹ́ ìyá náà. A ó bó pákí, a ó rẹ ẹ́, a ó sá a sórí àpáta, a ó sì tún máa lé ewúrẹ́ kúrò níbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Lọ́dún àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀, kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ gbà mí wọlé. Ọkọ mi ní kí n fi sílẹ̀, físà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde. Mo fi sílẹ̀. Lọ́dún kejì, wọ́n tún gbà mí. Abẹ́ ìrọ̀rí ni mo tọ́jú ìwé náà sí. Wọ́n ti kọ ọjọ́ Mọ́ńdè tí mo gbọ́dọ̀ wọlé sára ẹ̀, wọ́n ní tí n ò bá dé lọ́jọ́ náà, àwọn máa gbé ààyè mi fún ẹlòmíì. Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa fún mi lẹ́ẹ̀kẹta.

"Ìyàwó tí ọkọ ẹ̀ fẹ́ ránṣẹ́ pè," ìyá ọkọ mi á ní, "kí ló fẹ́ fi ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́ta ṣe?"

Gbogbo Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn, lọkọ mi máa ń pè sórí fóònù kékeré ìyá rẹ̀. Nọ́ńbà ò ní hàn. Wọ́n ní bí wọ́n ṣe ń pè láti ìlú òyìnbó nìyẹn. Òyìnbó inú tẹlifísàn bá wọ Róòmù ní Sátidé, ọkọ mi á pè ní Sọ́ńdè pé òun gbé ẹrù lọ sí Róòmù. Òyìnbó bá dé Lísíbọ̀n, òun náà ti dé Lísíbọ̀n. Ìyá rẹ̀ á pàtẹ́wọ́: "Tẹlifísàn yìí ń tọ ọmọ mi lẹ́yìn ni!" Èmi gan-an ń fi yangàn fáwọn obìnrin tá a jọ ń sá láfún. Orí mi ò pé nígbà yẹn, kí n má purọ́ fún ọ.

Ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Fíẹ́nà ló tú u fó. Òyìnbó náà fi àwọn ẹṣin tó ń fa kẹ̀kẹ́ èrò hàn wá, ó mu kọfí tí wọ́n gbé ife omi tì, ó wá dé ṣọ́ọ̀ṣì kan tí òrùlé rẹ̀ láwọ̀ oríṣiríṣi bí ẹní. Ilé gogoro kan wà lára ṣọ́ọ̀ṣì náà. Bó ṣe gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn àkọ́kọ́ báyìí, pàá, gbogbo ẹ̀ kú. Iná wa wà o. Ilé iṣẹ́ tẹlifísàn n'Ìbàdàn ló paná. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, obìnrin kan yọjú, ó ní ẹ̀rọ àwọn ló dẹnu kọlẹ̀, kí a má bínú, Sátidé tó ń bọ̀ làwọn máa parí ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ọkọ mi pè láti Fíẹ́nà. Ó sọ ti ẹṣin, ó sọ ti kọfí, ó sọ ti òrùlé.

"Ẹ ò wá gun ilé gogoro yẹn?" ni mo bi í.

Ó ní, "Mi ò tíì gùn ún. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Sátidé dé, òyìnbó gun òkè, ó ń mí hẹlẹ. Nígbà tó dókè, atẹ́gùn fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí fìlà lórí rẹ̀, ó fọwọ́ dì í mú, ó ń rẹ́rìn-ín. Sọ́ńdè dé, fóònù dún. "Mo gùn ún o!" lọkọ mi wí. "Atẹ́gùn fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé fìlà mi lọ, ọwọ́ ni mo fi dì í mú."

Fìlà! Èmi tí mo di fìlà ẹ̀ mú lórí dígí lójú gbogbo ayé! Mo gbé fóònù fún ìyá rẹ̀, mo jáde lọ dúró ti àwọn ìkòkò pákí. Àwòrán ilé iṣẹ́ tẹlifísàn yẹn kì í jìnnà. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà l'Ógbòmọ̀ṣọ́ kì í rí i rárá. Ẹni tí ẹ̀rọ Ìbàdàn dẹnu kọlẹ̀ mọ́ lójú, ẹ̀yìn ilé wa níbí ló wà. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a, àmọ́ mi ò tíì mọ ibi tí màá ti bá tèmi.

Ata ló wá là mí lójú. Ní gbogbo ìparí oṣù, ìyá ọkọ mi máa ń di láfún àti ata gígún ránṣẹ́ sí Olódò nítòsí Ìbàdàn, ó ní ìyá àgbà kan tí wọ́n jọ ń ṣe ṣọ́ọ̀ṣì tẹ́lẹ̀ ló ni ín. Èmi ni mò ń gún ata náà. "Má fi edé sí i o," ló máa ń sọ. Obìnrin yìí kan náà ló sì sọ fún mi lọ́sẹ̀ tí mo wọlé ẹ̀ pé ọkọ mi kì í jẹ edé, pé ojú rẹ̀ á wú. Ọdún méjì ni mo fi gún ata ọkọ mi láìmọ̀. Ẹ gbà mí!

Sátidé tó ṣáájú Mọ́ńdè tí wọ́n kọ sínú ìwé kọ́lẹ́ẹ̀jì ni mo lọ. Ìyá ọkọ mi ti lọ sípàdé àwọn obìnrin, ó ní kí n gbé ẹrù Olódò fún awakọ̀ tó máa ń bá a gbé e. Mo gbé e dé gáréèjì, èmi náà wọlé jókòó tì í.

"Ìyàwó, ṣé ẹ̀yin náà ń lọ ni?" awakọ̀ bi mí.

"Mò ń lọ kí ìyá àgbà."

"Ìyá àgbà wo?" ló wí, ló bá yára yíjú kúrò.

Ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń ṣe búlọ́ọ̀kù ló nawọ́ sí fún mi. Kí n tó kan ilẹ̀kùn ni mo ti gbọ́ orin tí wọ́n fi máa ń bẹ̀rẹ̀ ètò òyìnbó inú tẹlifísàn náà. Mi ò kàn án mọ́, mo tì í. Ọkọ mi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì nínú síńgílẹ́ẹ̀tì, sìmẹ́ńtì ti gbẹ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ìwé wà lórí itan rẹ̀, báírò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń kọ ohun tí òyìnbó ń sọ. Ìlú ọjọ́ náà, odò ló gba àárín ilé kọjá. Abọ́ ọkà láfún wà nílẹ̀, ó ti jẹ ẹ́ dé ìdajì. Láfún ọwọ́ mi.

"Ẹ kú ìrìn àjò o," ni mo wí. "Ìlú wo lẹ dé lónìí?"

Báírò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀. "Ajẹ́ńtì tí mo san owó físà fún ló sá lọ," ló wí. "Wọ́n sì ti ṣe ìsìn ìdágbére fún mi. Báwo ni mo ṣe fẹ́ padà wọ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn? Ìtìjú ni."

"Ìtìjú tìẹ lo wá fi ba ayé mi jẹ́?" Ìgbà àkọ́kọ́ tí màá pè é ní ìwọ nìyẹn. "Ìwọ lo ní kí n fi kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀! Físà wo lo ní kí n máa dúró dè?"

O ò ní gbà á gbọ́, ọ̀rẹ́ mi. Orí ìdọ̀bálẹ̀ yẹn náà ló ti dáhùn: "Jọ̀ọ́, jẹ́ kó di ìparí ọdún. Mo ti rí ajẹ́ńtì mìíì."

Mo gbé àpò láfún mi padà sórí. Àwọn tó ń po sìmẹ́ńtì níta ni mo gbé e fún, mo ní kí wọ́n lọ fi rokà jẹ. Nígbà tí mo padà dé Ìrókò, ìyá ọkọ mi wo ojú mi, ó sì mọ̀.

"Ọmọ mi ni," ló wí. "Kí lo fẹ́ kí n ṣe?"

"Ọmọ ẹnìkan lèmi náà, mà."

Mo yọ tẹlifísàn bàbá mi lára ògiri, mo mú ìwé abẹ́ ìrọ̀rí, mo ru tẹlifísàn gba àárín ìlú kọjá. Àwọn èèyàn ń bi mí pé ṣé ó bàjẹ́ ni. Mo ní rárá, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ní Mọ́ńdè, mo wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì.

Ó ti pẹ́. Mo ti di tíṣà, àwọn ẹbí ti tú ìgbéyàwó náà ká, àwọn alàgbà ìjọ ti bẹ̀ mí títí ó sú wọn. Wọ́n rò pé torí pé kò dé Yúróòpù ni inú fi ń bí mi. Kí ló kàn mí kan Fíẹ́nà? Ká ní ó pè mí ní Sọ́ńdè kan ṣoṣo, kó sọ pé, "Olódò ni mo wà, búlọ́ọ̀kù ni mò ń ṣe, ojú ń tì mí," ọjọ́ yẹn gan-an ni ǹ bá di ẹrù mi lọ bá a, à bá jọ máa po sìmẹ́ńtì. Ó wá lọ fi ara rẹ̀ síbi tí ẹsẹ̀ mi ò lè dé. Ohun tí mi ò lè dárí jì í nìyẹn. Ní gbogbo ọdún méjì yẹn, owó ọkọ̀ Olódò wà lọ́wọ́ mi.