Lọ́yà Tó Ń Dúpẹ́ Ìbò

Láti Jímọ̀ tó kọjá ni ohùn lọ́yà wa kò ti kúrò létí mi. Ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí ní Largo, ní Amẹ́ríkà níbí, ló máa ń dúró sí, á wọ kóòtù dúdú kan náà, á fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ ẹni mú: "Ẹ má gbàgbé mi o." Ipò káńsẹ́lọ̀ ló ń dù. Àwa náà á pariwo: "Ẹ ti wọlé, sà!"

Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tó fìdí rẹmi. Àwọn ọmọ tí a bí síbí, tí wọ́n lè dìbò, kò yọjú. Síbẹ̀, ní Jímọ̀ ọ̀hún, ó tún ti dúró.

"Ẹ ṣé tí ẹ dìbò fún mi."

"Kò tọ́pẹ́, sà."

Bẹ́ẹ̀ òun náà ló ń bá wa ṣe pépà tí a fi ń gbé ìlú yìí. Ó mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ pé ìkankan nínú àwa tó ń pariwo yìí kò tíì di ọmọ Amẹ́ríkà tó lè dìbò.