Orúkọ Tí Mo Dọdẹ Rẹ̀ Lórí Ayélujára

Mo rántí ìgbà tó jẹ́ pé ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń ṣe bí mo bá jí, kí n tó bọ́jú, ni pé kí n gbé fóònù mi, kí n wò bóyá orúkọ kan ti bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe àtẹ́lẹ̀ bàtà sílẹ̀ ní Àgbárá nígbà náà ni. Ara mi ti kọ bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́, mo wá gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Sango, mo ń rán sálúbàtà aláwọ. Oríkì ìyá mi ni mo fi sọ ṣọ́ọ̀bù náà: Bàtà Àyìnkẹ́. Òórùn gọ́ọ̀mù kì í kúrò lára aṣọ mi, ṣùgbọ́n inú mi dùn, nítorí pé nǹkan tèmi ni.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé bí oníbàárà bá tẹ orúkọ ṣọ́ọ̀bù mi sórí ayélujára, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ló máa ń já sí. Ọkùnrin aránbàtà kan ní Òṣogbo ti gba orúkọ yẹn ṣáájú mi. Ìkànnì rẹ̀ ti gbó. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti fọwọ́ kàn án. Àwọn oníbàárà mi á pè mí, wọ́n á ní, "Ṣé Òṣogbo lẹ wà ni?" Inú a máa bí mi, àfi bí ẹni pé ọkùnrin náà jí nǹkan mi.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà tọ obìnrin kan lọ tó ń ṣe ìkànnì fáwọn oníṣòwò ní Ojú Ore. Àǹtí Oníkọ̀ǹpútà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó ṣàlàyé fún mi pé kò sẹ́ni tó ń ra irú orúkọ bẹ́ẹ̀ pátápátá. Háyà là ń háyà rẹ̀, bí ẹní gba yàrá, tá a ó sì máa sanwó rẹ̀ lọ́dọọdún. Bí ẹni tó ni ín kò bá san, wọ́n á fún un láyè díẹ̀. Bí kò bá tún san, wọ́n á já orúkọ náà sílẹ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ gbá a mú ló ni ín. "Àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n lúgọ de orúkọ bẹ́ẹ̀ lọ," ló wí. "Bákọ́dà là ń pè é. Ẹ̀yin á sanwó sílẹ̀ fún wọn, ẹ̀rọ wọn á máa ṣọ́ ọ. Bó ṣe ń jábọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á hán an. Ti Òṣogbo yìí, mo ti wò ó. Ọjọ́ rẹ̀ ti pé, wọn ò tíì san án."

Mo sanwó lójú ẹsẹ̀, ni ìdúró bá bẹ̀rẹ̀. Gbogbo àdúrà mi nígbà náà ni pé kí aránbàtà Òṣogbo má rántí. Mo tilẹ̀ fi í sínú àdúrà ìdílé wa, n kò kàn dárúkọ rẹ̀ ni. Mo ní kí Ọlọ́run gba ohun tó jẹ́ tèmi fún mi, gbogbo ilé sì ṣe àmín. Ìgbà tí mo lọ kí ìyá mi ní Adó-Odò, mo fi ìdùnnú ròyìn fún un pé oríkì rẹ̀ máa tó di tiwa lórí ayélujára. Ó ń bó ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́, kò gbójú sókè.

"Ta ló ni ín tẹ́lẹ̀?"

Mo ní ọkùnrin kan ni, tí kò mọyì rẹ̀.

"Ó sọ fún ẹ pé òun ò mọyì rẹ̀?"

Mo ní ìkànnì rẹ̀ ti gbó. Ó wá ní, "Ẹní gbójú lógún, ó fi ara rẹ̀ fún òṣì ta." Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé àgbà tí kò mọ fóònù lò ló ń sọ̀rọ̀.

Nígbà tó yá, Àǹtí Oníkọ̀ǹpútà pè mí: "Bọ̀dá, ó ti bọ́ sí wa lọ́wọ́ o!" Mo fò sókè débi pé abẹ́rẹ́ gún mi níka. Ó gbé àwòrán àwọn bàtà mi síbẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù mi, mo sì ra mínírà fún gbogbo àwọn tó wà nítòsí ṣọ́ọ̀bù.

Kò pẹ́ sí i tí fóònù mi dún. Obìnrin ni. Ó kí mi dáadáa, ó wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, níbo lẹ kó àwòrán ọkọ mi sí?" Mo ní ó ṣi nọ́ńbà pè. Kò ṣì í pè. Ọkọ rẹ̀ ni aránbàtà Òṣogbo, ọkùnrin náà sì ti kú. Òun nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń sanwó orúkọ yẹn, kò sì sẹ́ni tó rántí bi í léèrè kó tó lọ. Orí ìkànnì náà ni àwòrán rẹ̀ wà, níbi tó jókòó sí tó ń lu awọ. Fóònù tí wọ́n fi yà á ti bàjẹ́. Àwọn ọmọ a máa ṣí i wò. Nígbà tí kò ṣí mọ́, ìyá wọn rò pé nẹ́tíwọ̀kì ni. Ọjọ́ yẹn ló wá ṣí, ló bá jẹ́ pé sálúbàtà tèmi ni wọ́n rí.

"Oríkì ìyá mi ni orúkọ yẹn," mo sọ fún un.

Ó ní, "Oríkì tèmi náà ni, sà. Èmi ni Àyìnkẹ́."

N kò lè rán bàtà kankan mọ́ lọ́jọ́ náà. Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo gba Ojú Ore lọ. Àǹtí Oníkọ̀ǹpútà ní orúkọ nìkan la gbà, ohun tó wà nínú rẹ̀ ti lọ, bí ìgbà tí èèyàn gba yàrá tí wọ́n ti kó ẹrù inú rẹ̀ dànù. Ṣùgbọ́n ó mọ ibì kan tí wọ́n ti máa ń tọ́jú ẹ̀dà àwọn ìkànnì àtijọ́. Ó wá a títí, ó rí díẹ̀: àwòrán bàtà mélòó kan, àti ẹyọ kan tí ọkùnrin náà wà níbẹ̀, tó mú òòlù lọ́wọ́, tó ń rẹ́rìn-ín. Ojú èmi àti tirẹ̀ ṣe mẹ́rin. Ẹni tí mo ti ń bá jà nínú ọkàn mi láti ọjọ́ yìí wá, kò jọ ọ̀tá rárá.

Mo fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí ìyàwó rẹ̀, mo pè é, mo ní màá dá orúkọ náà padà. Mo rò pé yóò máa súre fún mi ni. Ó ní, "Kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Èmi ò mọ bàtà rán. Ẹ ṣáà fi ọkọ mi síbẹ̀. Bàtà tiyín ńkọ́, ṣé ó dáa? Ẹ fi ránṣẹ́ kí n rí i." Mo fi sálúbàtà kan rán awakọ̀ kan ní gáréèjì Sango. Obìnrin náà pè mí padà: "Òwú tẹ́ ẹ fi rán an ò fún bíi tọkọ mi. Ó máa já. Ẹ tú u, kẹ́ ẹ tún un rán." Inú kọ́kọ́ bí mi. Mo fà á wò, ó já lóòótọ́. Mo rán òmíràn, ó ní ó kù díẹ̀. Ìgbà tí mo rán èyí tó tẹ̀ lé e ló tó sọ pé, "Èyí dáa. Ẹ máa lo orúkọ náà."

Nígbà tí mo ròyìn fún ìyá mi, kò bú mi. Ó kàn ní, "Bá mi kí olórúkọ mi."

Ọ̀pọ̀ nǹkan ni n kò mọ̀ nígbà náà. Mo rò pé ẹni tí kò bá sanwó ohun rẹ̀, kò fẹ́ ẹ mọ́ ni. N kò rò ó pé ó lè wà lórí àìsàn, tàbí pé ó lè ti kú, tàbí pé ó kàn gbàgbé. Ọkùnrin náà ṣì wà lórí ìkànnì wa títí dòní, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń ṣí i. Àǹtí Oníkọ̀ǹpútà ṣì máa ń pè mí bí orúkọ dáadáa kan bá fẹ́ bọ́, nítorí pé àwọn aránbàtà ẹgbẹ́ wa náà ti ń wá irú ẹ̀. Mo máa ń ní ká kọ́kọ́ wá ẹni tó ni ín kàn, ká bi í. Nígbà mìíràn, a kì í rí i. Nígbà mìíràn, ẹnì kan á gbé fóònù, á ní, "Háà, ẹ ṣeun o, mo ti gbàgbé ni," á sì lọ san án. Orúkọ náà á bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Àǹtí Oníkọ̀ǹpútà á wò mí, á mi orí, èmi á sì padà sídìí awọ mi.