Bàbá Reuben, Olùṣọ́ Ààlà Ìkòsí

Ọjọ́ tí àwọn bíríkìlà gbẹ́ ìpìlẹ̀ ògiri ojúlé kejì kọjá ààlà, Bàbá Reuben Oyèwùmí gbé àga wọnú kòtò náà, ó jókòó, ó sì ní kí wọ́n gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín òun wá síbẹ̀.

"Thus far and no further!"

"Daddy, kí lẹ wí?" ni ọ̀gá bíríkìlà bi í.

"Mo ní ibi tẹ́ ẹ dé yẹn tó gẹ́ẹ́. Íńṣì mẹ́rin lẹ fi wọ ilẹ̀ mi."

Àwọn ará Ìkòsí ní ọjọ́ mẹ́ta ló fi jókòó síbẹ̀. Keziah, ọmọ rẹ̀ tó gbé oúnjẹ náà lọ, ní irọ́ ni, kò ju àárọ̀ sí ìrọ̀lẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n òun náà gbà pé ẹ̀ẹ̀mejì ni bàbá òun béèrè mọ́ínmọ́ín sí i.

Ọgbọ̀n ọdún ni Bàbá fi di ṣéènì ìwọnlẹ̀ mú fún àwọn awọnlẹ̀, láti Kétu dé Ògùdù. Gẹ̀ẹ́sì ààlà ló kó bọ̀ wálé. Ọmọdé tó bá gbó àgbà lẹ́nu, "You have crossed the line!" Tọkọtaya tó bá ń pariwo, "There is a limit!" Bí ìpàdé àwọn lándílọ́ọ̀dù bá ti pẹ́ jù, á dìde, á ní, "Beyond this point, I am not liable," á sì lọ jẹun.

Lọ́jọ́ tí Fikáyọ̀ ilé kẹta wọ yunifásítì, pásítọ̀ gbàdúrà fún un pé, "The sky is your limit!" Bàbá Reuben ti dìde kí ẹnikẹ́ni tó lanu.

"Pásítọ̀, ẹ dákun, ta ló wọn ojú ọ̀run? Ẹ má fi ibi tẹ́nì kan ò wọ̀n rí pààlà fún ọmọ ọlọ́mọ!"

Fikáyọ̀ nìkan ló ṣe àmín.

Ìyá Keziah ló ká a lápá kò. Lọ́jọ́ tí Bàbá jí ẹran inú ọbẹ̀ jẹ, ìyàwó rẹ̀ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, ó kọ "Out of bounds" síbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni Bàbá fi dúró síta, tó ń tọrọ omi mu.

"Daddy, ẹ kọjá, jàre," ni Keziah wí.

"Ààlà ni. Ẹni tó pa á nìkan ló lè yẹ̀ ẹ́."

Bàbá kú ní oṣù kẹta ọdún yìí. Kò pé oṣù méjì tí Gbọ́láhàn, ọmọ ojúlé kejì, fi mú awọnlẹ̀ wá síbi pèrègún tí Bàbá gbìn sí ààlà.

"Aunty Keziah, ẹ má bínú o. Ó jọ pé Daddy fi pèrègún yìí wọ ilẹ̀ wa. Kí ló dé tí wọn ò jẹ́ kẹ́nì kan wọ̀n ọ́n rí?"

Keziah wo pèrègún náà. Òótọ́ ni, Bàbá ò gbà kẹ́nì kan fi téèpù kan ibẹ̀. Bó bá lọ jẹ́ pé Bàbá gan-an ló yẹ ààlà, gbogbo Gẹ̀ẹ́sì yẹn di ẹ̀tàn, orúkọ rẹ̀ bà jẹ́ nìyẹn.

Awọnlẹ̀ wọ̀n ọ́n, ó tún un wọ̀n. Ó gbẹ́lẹ̀ lẹ́sẹ̀ ògiri Gbọ́láhàn, ó sì kan òpó sìmẹ́ńtì tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ láyé àtijọ́ láti fi sàmì ààlà.

"Pèrègún yẹ̀ lóòótọ́," ó ní. "Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin. Àmọ́ inú ilẹ̀ Bàbá ló yẹ̀ sí. Ọ̀nà tóóró tí gbogbo yín ń gbà yọ sí títì yìí, inú ilẹ̀ wọn ló wà."

Ìyá Keziah rẹ́rìn-ín lójú fèrèsé. "Gbọ́láhàn, nígbà tí ìyá ẹ ń rọbí ẹ, kò sọ́nà níbí. Gbogbo àdúgbò ni wọ́n gbé e yí po kí wọ́n tó dé títì. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni Bàbá Keziah hú pèrègún, tí wọ́n sún un sẹ́yìn kọ́nà lè wà. Wọ́n ní kí n má sọ, káyé má baà ní àwọn ti rọ̀."

Keziah tú gbogbo Gẹ̀ẹ́sì bàbá rẹ̀ wò lọ́kàn. Kò rí ọ̀kan tó bá èyí mu.

Gbọ́láhàn ṣí fìlà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà náà bí ẹni tí ò gbà á rí.

"Aunty, ṣé kí n máa kọjá?"

"Kọjá, jàre," ni Keziah wí. "Ìwọ ni Daddy wọ̀n ọ́n fún."