Ilé Wá Bá Ọmọ

Ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́ta náírà ni dókítà ní kí Sàníù san kí ìyàwó rẹ̀, Zubaidah, tó lè gbé ọmọ tuntun jáde nílé ìwòsàn. Ẹgbẹ̀rún mẹ́tàdínlógún péré ló wà lápò rẹ̀. Ọ̀tunla ló sì yẹ kí wọ́n sọmọ lórúkọ.

Sàníù kò lè jókòó. Ó gun ọ̀kadà rẹ̀ já Akínyẹlé, kò rówó yá, ó tún ṣẹ́rí padà. Ẹnu ìyẹn ló wà tí Kọ́lápọ̀, tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì ìjọba fáwọn ọlọ́kadà, fi nawọ́ dá a dúró.

"Bàbá ọmọ tuntun, o kú ewu ọmọ! Ọọ́dúnrún náírà tòní dà?"

"Kọ́lápọ̀, kí lẹ ń fowó yìí ṣe gan-an?"

"Ọ̀nà ni, ìlera ni. Ó wà lára ìwé."

"Ìlera kẹ̀! Nígbà tí ìrọbí mú Zubaidah, àgádágodo la bá lẹ́nu ilé ìwòsàn ìjọba, ló jẹ́ ká sá lọ sí ti aládàáni. Owó tí mò ń san fún ẹ lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rùn-ún lọ́dún, mo tiẹ̀ yọ Jímọ́ọ̀ tí n kì í ṣiṣẹ́ kúrò. Ìlọ́po méjì owó dókítà! Jíìpù tó ń kọjá lọ yẹn ńkọ́, ta ló ń já tíkẹ́ẹ̀tì tiẹ̀?"

Kọ́lápọ̀ tẹjú mọ́ jíìpù náà títí ó fi pòórá. "Èmi kọ́ ni mo ṣòfin. Sanwó, jàre."

Sàníù san án. Bí wọ́n bá gbẹsẹ̀ lé ọ̀kadà, kí ni yóò fi wá ìyókù?

Ìyá rẹ̀, Àmọ̀pé, gbọ́, ó pòṣé. "Ta ló ní inú ilé nìkan ni wọ́n ti ń sọmọ lórúkọ?"

Nígbà tó di ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, ẹbí àtàwọn ọlọ́kadà kó ẹní wọ ọgbà ilé ìwòsàn náà. Dókítà sáré jáde. "Ẹ jọ̀ọ́, kí lèyí?"

"Ẹ ò jẹ́ kọ́mọ wálé, ilé wá bá ọmọ," ni Àmọ̀pé wí. "Abọ́ rèé, dókítà. Ẹni bá sọmọ lórúkọ, á fowó lé e."

Ẹ̀rín sọ. Dókítà kiwọ́ bàpò. Alùfáà pe ọmọ ní Humairah, abọ́ sì ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Sàníù ń dìde, ó ń jókòó, ojú rẹ̀ ń bá abọ́ lọ. Kọ́lápọ̀ náà yọ, ó rí ọ̀kadà rẹpẹtẹ níta, ó ti fa ìwé tíkẹ́ẹ̀tì yọ. Àmọ̀pé ti abọ́ mọ́ ọn láyà.

"Wò ó, agbowó! Ó tó àkókò kíwọ náà sanwó. Kí lo pè é?"

"Tiwaladé," ó kùn, ó sì sọ ẹgbẹ̀rún kan síbẹ̀.

Wọ́n ka owó. Ẹgbẹ̀rún méjìdínlọ́gbọ̀n tó kù pé, ó fi irínwó náírà lé. Sàníù kà á lé dókítà lọ́wọ́, ó gba rìsíìtì, ó gbé Zubaidah àtọmọ sẹ́yìn ọ̀kadà.

"Sàníù, tòní ńkọ́?" ni Kọ́lápọ̀ wí, ọwọ́ rẹ̀ ti sún mọ́ kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà.

"Kọ ọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ tí àgádágodo yẹn bá ṣí, màá san án."

Kọ́lápọ̀ wo ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fún lórúkọ, ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà. Sàníù ti fún ọ̀kadà níná, wọ́n forí lé ilé.