Abọ́ Mẹ́fà Kan Náà

"Màmá, ìkòkò àná náà ni wọ́n tún gbé jáde! Ṣé wọn kò ní ọjà mìíràn ni?"

Ọmọ mi ń pòṣé sí àwọn tó ń polówó ọjà lórí tẹlifíṣọ̀n. Ìró ọmọrí ìkòkò náà gbé mi padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ní Ìkàrẹ́.

Ìyá àgbà kan máa ń ti Ọ̀kà gbé abọ́ tánganran wá tà, mẹ́fà kan náà nígbà gbogbo, olódòdó pupa. "Ìyá Kan-náà ti dé o!" ni àwa ọmọdé máa ń pariwo.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bó ṣe tú aṣọ tó fi dì wọ́n, òórùn kanfọ̀ tí wọ́n ń fi sínú àpótí aṣọ gba ilé. Ìyá mi mú ẹyọ kan.

"Ìyá, mo ra eléyìí. Ẹ lọ wá ọjà tuntun."

Ó gbà á padà jẹ́jẹ́. "Má bínú, ọmọ mi. Ìyàwó tí yóò kó gbogbo rẹ̀ lọ ni mò ń wá."

"Ẹ ò kúkú fẹ́ tà á!"

A rẹ́rìn-ín. Ó nu ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó dì wọ́n, ó gbé wọn rù.

Mo ti dàgbà kí n tó gbọ́ pé ẹrù ìyàwó ọmọbìnrin rẹ̀ ni àwọn abọ́ náà, ọmọ tó kú nígbà tí ìgbéyàwó ku ọ̀sẹ̀ kan.

Ọmọ mi nawọ́ sí rìmóòtù.

"Fi í sílẹ̀," ni mo wí. "Jẹ́ kí wọ́n tún gbé e jáde."